Ohun Tí Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́kà Máa Ń Sọ Lọ́jọ́ Ẹtì

Ẹnu Bọ̀dá Jóṣúà onífótò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìlú òyìnbó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó ya fótò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn náà mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́hùn-ún. Bó bá ti gbé aṣọ dúdú bo orí, tó ń wo ènìyàn láti ẹ̀yìn àpótí fótò rẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ náà bí ẹni tí ń wàásù láti inú ihò. Ó ní òyìnbó kì í sọ ọ̀rọ̀ dànù. Bó bá ní agogo méjì, agogo méjì náà ni. Bó bá ní wá gba nǹkan, lọ gba nǹkan rẹ.

"Tíṣà," ó sọ fún mi nígbà tí mo lọ ya fótò ìwé ìrìnnà mi, "ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ẹnu wọn sọ, gbé e bí ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí. Má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

N kò rẹ́rìn-ín. Ẹ lè rí i nínú fótò náà.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ṣì tuntun nígbà náà, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, wọ́n sì ti ń sọ fún wa pé alágbádá ń bọ̀. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ronú jinlẹ̀, ó rí i pé àga tí àwọn ọmọ wa ń kàn kò ní dúró dáadáa láé, àfi bí a bá rán ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì lọ sí ìlú olótùútù, kí ó lọ wo bí òyìnbó ṣe ń di òòlù mú. Èmi ni ọkùnrin náà. Ìyàwó mi, Dúpẹ́, ọmọ Ìgèdè, tíṣà bíi tèmi, yóò wá bá mi bí wọ́n bá fún un láàyè níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjàn.

Ohun kan ṣoṣo ni Dúpẹ́ bá mi sọ ní ọjọ́ tí mo ń lọ. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ wá ibi tí a óò gbé kí n tó dé o. Mi ò fẹ́ dé ìlú onílùú kí n máa jókòó lórí àpótí."

Mo ṣèlérí fún un. Ẹ bá mi fi ìlérí yẹn sọ́kàn.

Yàrá ọkọ̀ ojú irin

N kò ní fi ọkọ̀ òfurufú dá yín lágara. Ó gbéra, ó balẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi lọ sí ìlú tí mo ti fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti kọ́kọ́ bá àwọn onílùú pàdé.

Èèyàn márùn-ún ni mo bá nínú yàrá ọkọ̀ náà. Ebi dé, mo ṣí dùńdú àti ẹja yíyan tí Dúpẹ́ dì fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọmọ Èkìtì tí yóò ṣí oúnjẹ níwájú èèyàn márùn-ún tí yóò sì panu mọ́. Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ o. Dùńdú mẹ́fà péré ló kù. Ohun tí mo ń retí ni kí wọ́n sọ pé á gba ibi ire, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀, kí n máa jẹun mi.

Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn sókè. Mo rò pé wọn kò gbọ́, mo tún un sọ. Obìnrin kan tó dé fìlà ní rárá, ó ṣeun. Ta ni kì í kọ́kọ́ kọ̀? Mo na ẹja sí i. Ó tún kọ̀. Mo fi orí ẹja náà kọjú sí i, kí ó lè mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àwọn tó kù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọkọ̀ tó dé ibùdó kejì, èmi nìkan ló kù. Mo na ẹsẹ̀ mi. Mo ní ìlú yìí mà mọ àlejò ṣe o, wọ́n ti fi odidi yàrá sílẹ̀ fún mi.

Pòtétò kan

Ìlú náà mọ́. Kò lè ṣe kó má mọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń jáde síta láti dọ̀tí ẹ̀. Ní Òkè-Ìlá, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà mi dé títì, mo ti ṣàlàyé bí mo ṣe sùn, bí ìyàwó mi ṣe sùn, àti ohun tó mú ojú mi pọ́n. Lọ́hùn-ún, mo rin ọ̀nà kan náà fún oṣù mẹ́ta gbáko, ajá kan ṣoṣo ló bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe.

Opó kan ló gbà mí sílé. Ìwé òfin wà lára ògiri: ẹni kan, bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́kọ́rọ́ kan, ìwẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé, kò sí àlejò. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé ìkòkò wá sórí tábìlì, ó ní pòtétò mélòó ni kí òun bù fún mi. Mélòó. N kò tíì gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo dáhùn bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn, mo ní ẹyọ kan tó. Mo mọ̀ pé yóò ní kí ni ẹyọ kan máa ṣe fún àgbàlagbà, pé yóò bu márùn-ún lé e, pé èmi yóò ní ó ti pọ̀ jù, pé yóò tún bu méjì sí i.

Ó bu ẹyọ kan. Ó dé ìkòkò.

Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí òdòdó tí wọ́n yà sára abọ́ láti abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kò bèèrè mọ́. Ó ti mọ iye tí mo ń jẹ. Fún oṣù mẹ́ta, pòtétò kan ni mo ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú mi pé òun kò rí ayálégbé tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní láti lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé Bọ̀dá Jóṣúà kò parọ́: ẹyọ kan tí mo fi ẹnu sọ ti di ìwé adájọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́kà ló ń kọ́ wa níṣẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, irun rẹ̀ pupa bí epo, kò sì sí pákó tí kò lè fá títí yóò fi dán bíi dígí. Nígbà tó di oṣù kẹta, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí a bá ti gbálẹ̀ tán, yóò wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, yóò fọwọ́ kàn mí léjìká, yóò ní, "Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, ẹ gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Bí ìyàwó yín bá sì dé, ẹ mú un dání. Ilé wa ṣí sílẹ̀ fún yín."

Lọ́jọ́ Ẹtì kìíní, mo ní ó ṣeun, n kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹnu lásán. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní a óò wá. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé n kò wá yàrá níbòmíràn. Ìlú náà kún fún àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń gba yàrá kíákíá. Ìwé ojú fèrèsé á ní yàrá wà, n ó tẹ aago, kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán, ẹnìkan tí n kò rí á ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé méje. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé náà ṣì wà lójú fèrèsé. Bóyá ẹni tó gba yàrá náà ló fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Dúpẹ́ kọ̀wé pé wọ́n ti fún òun láàyè, mo dá èsì padà pẹ̀lú ayọ̀. Mo ní mo ti rí ilé. Mo ní ẹni tó nilé ló pè wá fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo sọ fún opó náà pé mo ń kó lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin mìíràn ti gbé báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì gbọ́ tí opó ń bi í pé pòtétò mélòó. Ó ní mẹ́fà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni èmi àti báàgì mi sùn mọ́jú, tí mo ń retí Dúpẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi

Dúpẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù méjì lára àti àpótí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí lápá já. Mo bèèrè ohun tó kó sínú rẹ̀.

"Usu ni," ó ní, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe iṣu. "Wọ́n ní kò sí níbí. Ẹ ti gbẹ o, Bàbá Fúnmi. Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ?"

Mo ní ọ̀rọ̀ gígùn ni. A gba ilé Bẹ́kà lọ. Bí a ṣe yà sí àdúgbò náà, tí kò sí ọmọdé níta, tí kò sí ohùn kankan, ó dúró.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé à ń bọ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá."

"Mo ní ṣé wọ́n mọ̀ pé òní ni."

"Ta ló ń dá ọjọ́ kó tó lọ sí ilé tí wọ́n ti ní kó wá?"

Dúpẹ́ wò mí, ó tún gbé àpótí rẹ̀.

Agogo kan ọ̀sán ni mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́kà ló ṣílẹ̀kùn, aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo Dúpẹ́. Ó fi ojú ka àpótí wa, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó bèèrè bóyá à ń rìnrìn àjò lọ síbìkan ni. Mo ní rárá, a ti dé.

Ó kó wa sí pálọ̀, ó ní ká fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ìró ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ní òdìkejì.

"Ṣé wọ́n ń jẹun ni?" Dúpẹ́ bèèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọn ò ní ká wá jẹun."

Mo ní wọn ò ní ká wá.

"Kí la ṣe fún wọn?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ènìyàn mẹ́rin ló wà nílé náà, Bẹ́kà, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn, àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, nítorí náà ègé ẹran mẹ́rin ló wà lórí tábìlì. Bí ẹni karùn-ún bá dé, kò sí ẹran karùn-ún tí wọn óò fi pè é. Dúpẹ́ ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fún wa lẹ́ran. Kí wọ́n ṣáà pè wá, kí àwa sì kọ̀ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n jẹ tán ni Bẹ́kà àti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Wọ́n jókòó. Mísísì Bẹ́kà ń wo àpótí usu. Bẹ́kà rọra bi mí pé níbo la óò sùn. Mo ní níbí ni. Mo wá rán an létí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, pé lọ́jọ́ Ẹtì ló máa ń sọ ọ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni.

Ojú rẹ̀ pọ́n títí ó fi bá irun rẹ̀ dọ́gba. "Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí," ó ní, "ohun tí èèyàn kàn máa ń sọ ni."

Dúpẹ́ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó ìyẹn dáadáa. Ó dìde, ó di àpótí mú. "Ulé tí ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ rí nìyẹn?" ó sọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè wa, kí wọ́n má baà gbọ́. "Ẹ gbé usu. Ká máa lọ."

Níbo? Bẹ́ẹ̀dì mi ti di ti oní-pòtétò-mẹ́fà. Lẹ́yìn ogún ọdún ìgbéyàwó, mo ti kọ ìwé irọ́ sí obìnrin yìí, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ibẹ̀ ni ìyá Bẹ́kà ti wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí Dúpẹ́ ṣe rí orí ewú, inú tó ń bí i kò ní kó má ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìgèdè. Ó fi ẹ̀wù òtútù méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà rò pé ó ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ọ̀pá yọ̀, òun náà ń lọ ilẹ̀, Dúpẹ́ gbá a mú, àwọn méjèèjì wá jókòó sílẹ̀. Mo rò pé wọn óò pe ọlọ́pàá. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́kà sọ ọ́.

"Ṣé o sọ ọ́?" ìyá bi í láti ilẹ̀.

"Màmá, mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé..."

"Ṣé o sọ ọ́, àbí o kò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Gbé àpótí wọn gòkè."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá la lò nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ sí, kí a tó rí yàrá tí ẹni àìrí kò gbà mọ́ wa lọ́wọ́. N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Mísísì Bẹ́kà lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì, ọjọ́ ìwẹ̀ wa wà níbẹ̀, àti wákàtí tí a lè lo sítóòfù. Ó kọ́kọ́ ń rìn nínú ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó wá sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi Dúpẹ́ pé pòtétò mélòó, ó ní mẹ́jọ, wọ́n sì bù ú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó. Èmi tí mo ti fi oṣù mẹ́ta gbẹ bí ẹja ń wò ó.

Dúpẹ́ máa ń ya irun ìyá àgbà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ìyá náà sọ fún òun pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, abúlé àwọn kì í ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ló lè yà wọlé wá jókòó. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìlú òyìnbó, Ìgèdè nìyẹn. A se usu fún wọn. Bẹ́kà jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó ní ó dùn mọ́ni, kò sì tún bèèrè rẹ̀ mọ́. Èyí náà wà lára ohun tí èèyàn kàn máa ń sọ.

Ọjọ́ tí a ń padà sílé, omijé wà lójú Mísísì Bẹ́kà. Èmi náà sọ ohun tí ọmọ Adó èyíkéyìí yóò sọ. Mo ní ilé wa ni ilé yín. Ẹ wá nígbàkúgbà. Ẹ má tilẹ̀ kọ̀wé. Bẹ́kà mú ìwé kékeré kan jáde láti àpò, ó ní kí n pe àdírẹ́sì náà fún òun ní lẹ́tà-lẹ́tà.

Ó yẹ kí ara fu mí nígbà yẹn.

Adó

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá, ẹ ṣe é o. Ọjọ́ tí a dé, ẹ kún pálọ̀ wa. Ẹ ní ẹ kú àbọ̀, ẹ ní ilé yín ni ilé wa, kò sí ẹni tí kò sọ ọ́. Inú mi dùn pé mo ti dé ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bíríkìlà tó ń mọ ògiri lójú ọ̀nà ní kí n wá bá òun jẹun. Ẹsẹ̀ ìlú òyìnbó ṣì wà lára mi. Mo jókòó, mo na ọwọ́ sí abọ́. Ẹ ò rí ojú ọkùnrin náà. Mo dìde, mo ní á gba ibi ire, ẹ̀jẹ̀ padà sí ojú rẹ̀.

Mo lọ bá Bọ̀dá Jóṣúà. Mo bi í pé ilé òyìnbó mélòó ló wọ̀ láàárín ọdún mẹ́fà. Ó gbé aṣọ dúdú bo orí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ ya fótò.

"Ìdílé kan pè mí nígbà kan," ó ní lábẹ́ aṣọ náà. "Ọjọ́ Kérésì ni. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mò ń retí kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kejì."

"Fún ọdún mélòó?"

"Tíṣà, mo ní mò ń retí ẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà Bẹ́kà dé. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ wa fún ọdún méjì. Ilé tí wọ́n fẹ́ fún un kò tíì ní òrùlé. Ó ní òun, ìyàwó òun àti ọmọ òun yóò dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ní agogo kan ọ̀sán, pẹ̀lú àpótí mẹ́sàn-án. Ìyá òun kò lè wá, ṣùgbọ́n ó ní kí òun bi mí ní ìbéèrè kan: ṣé mo sọ ọ́, àbí n kò sọ ọ́?

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé mi. Ìyá mi ti kó dé láti Ìjàn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ní òun kò padà mọ́. Dúpẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á pọ̀.

"Bàbá Fúnmi," ó ní, "ẹ wá ibi tí wọn óò gbé kí wọ́n tó dé. Mi ò fẹ́ kí Mísísì Bẹ́kà jókòó lórí àpótí."

Mo ti ń rìn káàkiri láti ọjọ́ Ajé. Ilé àkọ́kọ́ ní ilé àwọn ni ilé mi, ọjọ́ wo ni? Nígbà tí mo ní ọjọ́ Ìsinmi, àna wọn ń bọ̀ láti Ìgèdè lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ilé kejì, òrùlé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò nígbà tí mo wọlé. Ní ilé kẹta, ẹnìkan tí n kò rí ti gba yàrá náà láàárín ìgbà tí mo kan ilẹ̀kùn àti ìgbà tó ṣí. Àwọn ènìyàn yẹn ti dé Adó.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kún pálọ̀ mi lọ́jọ́ tí a dé, tí ẹ ní ilé yín ni ilé wa, mo kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Bẹ́kà ṣe kọ àdírẹ́sì. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ìwọ tí ò ń kà á yìí: ṣé o sọ ọ́, àbí o kò sọ ọ́?